Ẹ̀tù Tí Ojú Lè Ṣọ́: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀tù fún Ọta Ìbọn Ìléwọ́

Lẹ́yìn káńtà ilé ìtajà ìbọn ní Amẹ́ríkà, pẹpẹ kan sábà máa ń wà tí wọ́n to ẹ̀tù sí lẹ́sẹẹsẹ. Ìgò oníke ni púpọ̀ nínú wọn, pọ́n-ùn kan ló wà nínú ìgò tó kéré jù, orúkọ tó wà lára wọn sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè há sórí lójú ẹsẹ̀ lọ: Bullseye, Unique, Titegroup, Winchester 231, HP-38, Power Pistol, 2400, H110, N320. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa di ọta ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ á dúró níwájú pẹpẹ yìí, á sì bi òǹtajà pé èwo ló lágbára jù nínú gbogbo wọn. Òǹtajà tó bá mọṣẹ́ kì í dáhùn ìbéèrè yẹn. Òun náà á bi oníbàárà rẹ̀ ní tirẹ̀: irú ìbọn wo lo ní, báwo ni orí ọta tó o fẹ́ lò ṣe wúwo tó, kí lo sì fẹ́ fi ọta náà ṣe?

Àwọn tó ń di ọta kì í gbà fún ara wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tù, kálukú ló ní èyí tó fẹ́ràn. Ibi tí èmi dúró sí rèé: fún ẹni tó bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ méjèèjì àti ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, ẹ̀tù tó dára jù ni èyí tó ń jẹ́ kí àṣìṣe hàn sójú kí ó tó di ewu. Eré tí ọta ń sá, owó tí à ń ná, bí ìbọn ṣe ń dọ̀tí sí, ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo wọn ń tò sí.

Ọta ìbọn tí à ń rà lọ́jà, nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di odidi. Àkọ́kọ́ ni èèpo rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ idẹ. Ìkejì ni páìmà, ife kékeré tó wà nídìí èèpo, tí ìbọn ń gbá kí ó lè ṣáná. Ẹ̀tù wà nínú èèpo, orí ọta tó ń fò jáde ló sì dé e lókè. Bí wọ́n bá ti yìn ín, orí ọta ti lọ, páìmà ti kú, ẹ̀tù ti jó tán, èèpo idẹ nìkan ló ṣẹ́ kù. Èèpo yìí ni àwọn tó ń di ọta ń ṣà nílẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fún padà sí ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n ń fi páìmà tuntun sí nídìí, tí wọ́n ń bu ẹ̀tù sí, tí wọ́n sì ń fi orí ọta tuntun dé. Èèpo kan náà lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn kan ń ṣe é nítorí owó, pàápàá àwọn tó ń díje lópin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń yin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn ń ṣe é kí ọta wọn lè bá ìbọn wọn mu ju èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún gbogbo ayé lọ.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn láyè láti di ọta tí òun fúnra rẹ̀ máa yìn. Ẹni tó bá fẹ́ máa dì í tà ló gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà yàtọ̀ pátápátá. Òfin ìbọn tó ti wà níbẹ̀ láti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun ìjà tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ, kò sì fún aráàlú láyè láti máa ṣe ọta. Bírítéènì náà ti ka ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ fún aráàlú láti 1997. Nítorí náà, àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí òfin ibẹ̀ gbà láyè, ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ̀tù tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ wa ń kì sínú ṣakabùlà. Èédú, imí ọjọ́ àti saltpetre ni wọ́n pò pọ̀ di ẹ̀tù dúdú. Bó bá jó, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó ń di èéfín àti eérú. Ìdí nìyẹn tí èéfín fi máa ń bo ọdẹ lójú lẹ́yìn tó bá yìnbọn. Ní 1884, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille rí ọ̀nà tí wọ́n lè fi sọ òwú tí wọ́n ti fi ásíìdì ṣe di ẹ̀tù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1887, Alfred Nobel, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Ẹ̀bùn Nobel, po irú òwú bẹ́ẹ̀ mọ́ nitroglycerin. Láti ìgbà yẹn títí di òní, inú ìdílé méjì yìí ni ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ ti ń wá: èyí tó jẹ́ òwú oníásíìdì nìkan, àti èyí tí nitroglycerin wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ẹ̀tù aláìléèéfín lágbára ju ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọdẹ nílé, ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe tú ẹ̀tù inú ọta kátíríìjì dà sínú ṣakabùlà láé. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bu ẹ̀tù dúdú kò ṣeé fi bu aláìléèéfín. Ọ̀pá ìbọn á fọ́ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí pẹpẹ. Jíjó ni gbogbo ẹ̀tù yìí ń jó. Ohun tó mú wọn yàtọ̀ síra ni bí wọ́n ṣe ń yára jó sí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ń fi bí hóró ẹ̀tù ṣe tóbi tó, bí ó ṣe rí, ohun tó wà nínú rẹ̀ àti oògùn tí wọ́n fi ra á lára darí ìyára yìí. Bí èèyàn bá ki koríko gbígbẹ sábẹ́ ìkòkò, iná á sọ lálá lẹ́ẹ̀kan náà, á sì kú. Bó bá jẹ́ ìtì igi ló kì sí i, iná á rọra mú, á sì pẹ́ kó tó tán. Irú ìyàtọ̀ tó wà láàárín Bullseye àti H110 nìyẹn, àmọ́ inú ìṣẹ́jú àáyá kan tí a ti pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pá ìbọn ìléwọ́ kúrú. Ti ìbọn gígùn sábà máa ń tó ínǹṣì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ìbọn ìléwọ́ kì í sábà kọjá 6. Èyí ni kò jẹ́ kí ẹ̀tù ìbọn gígùn wúlò nínú rẹ̀, torí orí ọta á ti jáde tipẹ́ kí ẹ̀tù náà tó rí iṣẹ́ kankan ṣe. Láàárín àwọn ẹ̀tù tí wọ́n dìídì ṣe fún ìbọn ìléwọ́ náà, èyí tó ń jó pẹ̀lẹ́ ló sábà máa ń fún orí ọta ní eré tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀tù púpọ̀, iná tó ń kọ mànà lẹ́nu ìbọn pọ̀, ariwo pọ̀, ìbọn sì máa ń ta lọ́wọ́ gan-an. Èyí tó ń yára jó kò gbọ́n owó lọ, díẹ̀ ló ń gbà, ìbọn á sì rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń yìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tó ń yára jó ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì wà nínú ipá afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń há sínú èèpo. Ipá yìí máa ń dé góńgó wéré, kí orí ọta tó rìn ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, ti pààlà sí ipá tí oríṣi ọta kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kọjá. Wọ́n ń fi iye pọ́n-ùn tó ń tẹ ínǹṣì kan níbùú lóròó wọ̀n ọ́n. Ti .38 Special jẹ́ 17,000. Ti .45 ACP jẹ́ 21,000. Ti 9mm Luger jẹ́ 35,000, ti .44 Magnum sì jẹ́ 36,000. Ẹ wò ó bí .45 tó tóbi, tó ń dẹ́rù bani lójú, ṣe wà nísàlẹ̀, tí 9mm tó kéré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá .44 Magnum dọ́gba. Èèpo 9mm kò láyè. Ìdá díẹ̀ nínú gíréènì kan tí a bá fi lé ẹ̀tù tó ń yára jó, tàbí orí ọta tí a bá tì wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, lè gbé ipá yẹn sókè kọjá ààlà. Gíréènì 7,000 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ẹ fojú inú wo bí ìdámẹ́wàá gíréènì kan á ṣe kéré tó.

Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń tẹ àtẹ kan jáde tó to ẹ̀tù láti orí èyí tó ń yára jó jù dé orí èyí tó ń jó pẹ̀lẹ́ jù. Bullseye àti Titegroup á wà lókè, 231 á tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà Unique, lẹ́yìn náà Power Pistol, títí a ó fi dé 2400 àti H110 nísàlẹ̀. Àtẹ yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀tù kan wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi bu ẹ̀tù ló máa kó sí wàhálà. Ó ń sọ ẹni tó ṣáájú, kò sọ bó ṣe fi jìnnà tó. Ẹ̀tù méjì tó tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀ lè jìnnà síra wọn nínú ìbọn, àtẹ ilé iṣẹ́ kan sì lè má bá ti èkejì mu. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn tó ń di ọta ń tẹ̀ lé bá sọ iye gíréènì tí wọ́n ń bu fún ẹ̀tù kan, ẹ̀tù yẹn nìkan ló ń bá wí, kì í ṣe aládùúgbò rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ ẹ̀tù kan náà lábẹ́ orúkọ méjì, bíi Winchester 231 àti HP-38, tàbí H110 àti Winchester 296. Ilé iṣẹ́ Hodgdon ní ìpínlẹ̀ Kansas, tí Bruce Hodgdon fi títa ẹ̀tù tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ìjọba lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, ló ń ta orúkọ méjèèjì, iye kan náà ni wọ́n sì ń kọ fún wọn.

Ibi tí ọkàn mi wà jù nìyí. Ọta .38 Special jáde ní 1898, nígbà tí ẹ̀tù dúdú ṣì wà lóde. Nǹkan bíi gíréènì 21 ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èèpo rẹ̀ fi gùn. Ẹ̀tù dúdú lọ, èèpo kò kúrú. Lónìí, ẹni tó ń di .38 tí wọ́n fi ń yìn sí àmì lórí pápá, gíréènì 3 tàbí 4 péré ẹ̀tù tó ń yára jó ló ń wà nínú èèpo yẹn. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló máa wà. Bí ọwọ́ bá wá ṣì í, tí wọ́n bu ú lẹ́ẹ̀mejì, èèpo á gbà á. Bí wọ́n bá bu ú lẹ́ẹ̀mẹta, á tún gbà á. Orí ọta á jókòó sórí rẹ̀ wọ̀ọ̀, ojú á wò ó níta, kò ní rí ohunkóhun. Ọta tó máa fọ́ ìbọn àti ọta tó máa bá àmì ló wà nínú páálí kan náà, wọ́n sì jọra délẹ̀délẹ̀.

Àṣìṣe yìí kò nílò òmùgọ̀. Fóònù á dún, ọmọ á pè láti pálọ̀, ẹ̀rọ á há lágbedeméjì iṣẹ́, wọ́n á dá apá rẹ̀ padà kí wọ́n lè tú u sílẹ̀, ẹ̀tù á sì já sínú èèpo tó ti ní ẹ̀tù tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún lè kó sí i lálẹ́ ọjọ́ kan tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Nítorí èyí ni àwọn tó fara balẹ̀ fi ń lo pákó tí wọ́n lu ihò 50 sí. Wọ́n á to èèpo tí wọ́n ti fi páìmà sí sínú ihò wọ̀nyí, wọ́n á bu ẹ̀tù sí gbogbo wọn. Kí orí ọta kankan tó wọlé, wọ́n á fa iná tábìlì sún mọ́ ọn, wọ́n á dìde dúró, wọ́n á sì máa wo inú wọn láti ìlà kan bọ́ sí èkejì. Bó bá jẹ́ Unique ló wà níbẹ̀, hóró pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó gba àyè ni, ó ti gòkè dáadáa nínú èèpo. Èyí tí wọ́n bu lẹ́ẹ̀mejì á yọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, á ti sún mọ́ ẹnu. Èyí tí wọn kò bu rárá á là sílẹ̀ bí ihò òkùnkùn. Òun náà sì ní ewu, torí páìmà nìkan lágbára tó láti ti orí ọta wọnú ọ̀pá ìbọn kó sì há síbẹ̀, ọta tó bá tẹ̀ lé e á sì lọ kọ lù ú. Bó bá wá jẹ́ Titegroup ni, ìsàlẹ̀ èèpo ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹyọ kan àti méjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú, àfi kéèyàn tẹ̀ba síwájú kó máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú 9mm, ọ̀rọ̀ tún rọrùn sí i. Bí wọ́n bá bu Unique tàbí Power Pistol lẹ́ẹ̀mejì sínú èèpo kékeré yẹn ní ìwọ̀n tí ìwé sọ, á kún, á sì dà sórí tábìlì. Irú ẹ̀tù tó ń fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn báyìí ni mò ń wá.

Ẹni tó fẹ́ràn Titegroup á sọ pé mo ń bà á lórúkọ jẹ́. Rárá o. Hodgdon ṣe é kí ibi tó bá sùn sí nínú èèpo má bàa da iṣẹ́ rẹ̀ rú, bóyá ó fara ti páìmà tàbí ó ṣí síwájú. Ìyẹn wúlò gan-an fún èèpo ńlá tí ẹ̀tù inú rẹ̀ kéré. Kì í náni lówó púpọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀tù tí wọ́n ń bu ní gíréènì 4, pọ́n-ùn kan rẹ̀ á di ọta 1,750. Èyí tí wọ́n ń bu ní gíréènì 5, pọ́n-ùn kan rẹ̀ á di 1,400. Ìyàtọ̀ ọta 350 nìyẹn lórí ìgò kan. Bí mo bá ro owó yẹn sí owó tí dókítà ojú máa gbà, n kò rí ohun tó yẹ kí n máa ṣírò lé lórí. Ẹni tó ti mọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, tí kò sì jẹ́ fo wíwo inú èèpo, lè lò ó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ̀tù tó ń kún èèpo ní àléébù tirẹ̀, n kò sì ní fi í pamọ́. Àyè ni ẹ̀rọ tó ń bu ẹ̀tù ń wọ̀n, kì í wọn ìwúwo. Ihò kan tí wọ́n ti dín sí ìwọ̀n ni ẹ̀tù ń kún, tí á wá yí i dà sínú èèpo. Ẹ̀tù róbótó, bíi 231 tàbí H110, máa ń ṣàn wọnú ihò náà gẹ́rẹ́, iye tó máa bù lónìí náà ló máa bù lọ́la. Hóró pẹlẹbẹ ńlá bíi ti Unique máa ń fara gbára, ó lè há lẹ́nu ọ̀nà, kó bu díẹ̀ sí ibí kó sì bu púpọ̀ sí ọ̀hún. Èyí tí ojú rí dáadáa ni ẹ̀rọ kò bù dáadáa, èyí tí ẹ̀rọ bù dáadáa ni ojú kò rí tán. Ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí ọwọ́ wọn máa lọ bákan náà lórí ẹ̀rọ, kí ẹ̀tù inú rẹ̀ má tíì lọ sílẹ̀ jù kí wọ́n tó bu kún un, kí wọ́n sì máa gbé èyí tí wọ́n bá bù sórí òṣùwọ̀n látìgbàdégbà. Òṣùwọ̀n tó lè fi ìdámẹ́wàá gíréènì kan hàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yá.

Láàárín méjèèjì yìí ni 231 wà, tàbí HP-38 tó jẹ́ ìbejì rẹ̀. Hóró róbótó tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀ ni, ẹ̀rọ ń bù ú dáadáa, ó ń gba àyè tó tó nínú 9mm, ó sì ń bá .45 àti .38 náà ṣiṣẹ́. N320 tí wọ́n ń ṣe ní Finland jẹ́ ààyò àwọn tó ń díje, torí ó mọ́, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Owó rẹ̀ ló ga.

H110 ni kí ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní ọ̀tọ̀. Àwọn ọta ńlá bíi .44 Magnum ni wọ́n ń lò ó fún, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kún èèpo, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bu ú lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ìṣòro rẹ̀ wà ní òdìkejì. Ohun tí a ti mọ́ lára ni pé bí ẹ̀rù bá ń bà wá, ká dín ẹ̀tù kù. H110 kò gba ìyẹn. Hodgdon kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dín in kù ju ìdá 3 nínú 100 lọ sí iye tí ìwé sọ. Ẹ̀tù tó ń jó pẹ̀lẹ́ nílò ipá tó tó kó tó lè jó délẹ̀. Bó bá kéré jù, ó lè kú lágbedeméjì kí orí ọta sì há sínú ọ̀pá. Ẹni tó bá fẹ́ ọta tó rọ̀ fún .44 rẹ̀, ẹ̀tù mìíràn ni kó wá.

Àwọn tó ń díje ní òfin tó ń bá wọn yan ẹ̀tù. Nínú ìdíje USPSA, ẹgbẹ́ ìdíje ìbọn yíyìn kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n á fi ìwúwo orí ọta ní gíréènì sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po, eré náà sì jẹ́ iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n á wá fi 1,000 pín in. Ó gbọ́dọ̀ tó 125 fún ìpele kékeré, 165 fún ìpele ńlá. Orí ọta gíréènì 147 tó ń sá 880 ẹsẹ̀ bàtà ti kọjá 129, ó wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń yan orí ọta tó wúwo tó ń sáré díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀tù tó ń yára jó, torí bí ẹ̀tù bá ṣe kéré tó ni ìbọn ṣe máa tètè padà sórí àmì. Àwọn tó so ohun tó ń darí afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè mọ́ ẹnu ìbọn wọn ń fẹ́ òdìkejì: ẹ̀tù tó ń jó pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá, kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀ tó láti tẹ ẹnu ìbọn wálẹ̀. Ní ti ẹni tó ń kígbe pé ẹ̀tù kan ń mú ìbọn dọ̀tí, omi ìfọbọn kò wọ́n.

Ìwé ló ń yan ẹ̀tù gbẹ̀yìn. Lyman, Hornady, Speer àti Sierra ń tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà tó ní oríṣi ọta kọ̀ọ̀kan, orí ọta, ẹ̀tù, iye tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àti iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Hodgdon, Alliant àti Vihtavuori, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀tù, ń fi tiwọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó ra ẹ̀tù, ẹ ṣí ìwé ibi tí orí ọta yín gan-an wà. Òjé lásán, òjé tí wọ́n fi bàbà ra lára, àti èyí tí wọ́n fi bàbà bò pátápátá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà bí ìwúwo wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye ìsàlẹ̀, ẹ di díẹ̀, ẹ yìn ín, ẹ wò ó, kí ẹ tó gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé wíwo páìmà bóyá ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, torí nínú ìbọn ìléwọ́ ipá lè ti kọjá ààlà kí páìmà tó fi hàn. Bí ẹ̀tù bá wọ́n gógó tí ó sì ṣòroó rí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń ra èyí tó bá wà, wọ́n á wá máa wá ìwé tó máa bá a mu. Ẹ̀tù tí ìwé kò bá kọ sí ọta yín, iye yòówù tí wọ́n bá ń tà á, ẹ gbé e padà sórí pẹpẹ.

Ìgò tí ẹlòmíì ti ṣí, ẹ má rà á. Orúkọ ara ìgò kò fi dandan jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó máa wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ dá èyí tó bá kù nínú ẹ̀rọ padà sínú ìgò tirẹ̀ gan-an kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí nitroglycerin wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ ike ẹ̀rọ bó bá pẹ́ níbẹ̀. Ibi tó tutù, tó gbẹ, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ẹ bá ṣí ìgò tí òórùn kíkan bí ásíìdì sì jáde, tàbí tí ẹ rí eruku pupa rúsúrúsú lára hóró rẹ̀, ó ti bàjẹ́, ẹ má di ọta kankan pẹ̀lú rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ní 9mm tàbí .38, tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, 231 tàbí HP-38 ni màá ní kó rà, pọ́n-ùn kan péré. Bó bá sì fara mọ́ kó máa wọ̀n ọ́n dáadáa, Unique. Kó ra ìwé ìtọ́sọ́nà kan àti òṣùwọ̀n kó tó ra ìgò ẹ̀tù kejì. Bí ẹ bá wo inú èèpo kan tí iye ẹ̀tù inú rẹ̀ kò dá yín lójú, ẹ dà á padà, kí ẹ tún un bù.